Ìbẹ̀wò sí Ilé Omi ní Ìlú Èkó

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti bá ọmọ tuntun mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá ọlọ́rọ̀ mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ọlọ́rọ̀ kan jẹ́, kí ó lọ wo ilé tí ó kọ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi ojú nìkan wò ó. Ojú a máa rí ògiri, a máa rí fèrèsé, a sì máa rí ọ̀ṣọ́ ara òpó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ọwọ́ tí ó gbé wọn ró.

Ní ilé-ìwé girama kan ní Òkè-Ìlá, ní ìlú Adó-Èkìtì, olùkọ́ kan ka ìtàn ilé ńlá kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ìlú Victoria ní ilẹ̀ Kánádà ni ilé náà wà, Craigdarroch sì ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Robert Dunsmuir ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní ọdún 1887, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria wà lórí ìtẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Dunsmuir ti ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì dé etíkun náà ní ọdún 1851, awakùsà lásán ni, tí ń wa èédú fún àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1869 ó rí ibi tí èédú pọ̀ sí lábẹ́ ilẹ̀, láti ìgbà náà ni ó sì ti di olówó tí gbogbo agbègbè náà ń wárí fún. Yàrá 39 ni ó wà nínú ilé tí ó kọ́. Àmọ́ ikú kò jẹ́ kí ó sùn nínú rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1889, ọdún 1890 ni wọ́n sì parí ilé náà, tí aya rẹ̀ fi kó wọ inú rẹ̀.

Olùkọ́ náà kò dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ní oṣù kìíní ọdún 1888, bí iṣẹ́ ilé náà ti ń lọ lọ́wọ́, ihò èédú kan tí ó jẹ́ ti Dunsmuir bú gbàmù, ó sì pa òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 70. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kú jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, tí owó iṣẹ́ wọn kéré sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ funfun. Ẹni tí ó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé náà lónìí láti wo ẹwà rẹ̀, yóò dára kí ó rántí wọn.

Nígbà tí ìwé kíkà parí, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ Yorùbá?”

Olùkọ́ dáhùn pé: “Ó wà. Kì í ṣe èédú ni wọ́n wà níbẹ̀, omi ni. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ní ìsinmi tí ń bọ̀, a ó lọ wò ó.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí ìrìn-àjò yìí. Lójú tirẹ̀, ilé àtijọ́ kò ní àǹfààní kankan. Bàbá àgbà rẹ̀ ti kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan sí Òkè-Ìlá ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ọdún 1960, nígbà tí kòkó ń mówó wọlé. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, wọ́n sì fín òdòdó sí òkè fèrèsé rẹ̀. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ti ń mì. Àwọn ẹbí ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojú títì. Ọmọ náà gbà pé ohun tí ó tọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkọ̀ gbéra ní Adó-Èkìtì ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Ó gba Ìyìn àti Ìgèdè kọjá, ó kọjá ní Arámọkọ, ó dé Ìtàwúré, ó sì wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láàárín àwọn òkè tí ìkùukùu ṣì bo orí wọn. Nígbà tí wọ́n dé Iléṣà, olùkọ́ ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀. Àwọn ọmọ ṣe bí ẹni pé wúrà ni òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n ń wa wúrà ní agbègbè náà. Ṣùgbọ́n ìtàn ọmọ kékeré kan ni ó sọ fún wọn.

Ó ní ní ìlú yìí ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Esan sí, ní àkókò tí ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá rójú. Ìtàn sọ pé kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí àwọn agbénipa jí i gbé. Wọ́n tà á títí ó fi dé etí òkun, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Níbẹ̀ ni ó ti gba orúkọ mìíràn, ó di João Esan da Rocha. Níbẹ̀ ni ó dàgbà sí, níbẹ̀ ni ó ti gbéyàwó, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Candido, sí ní ọdún 1860. Nígbà tí ó yá, ó di òmìnira. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, ó kó aya àti ọmọ, ó sì padà sí ìhà ibi tí wọ́n ti jí i gbé.

Ọmọbìnrin tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ní kíláàsì tún béèrè pé: “Ọ̀gá, kí ló dé tí kò padà wá sí Iléṣà níhìn-ín?”

Olùkọ́ ní kí wọ́n fi ọdún ro ọdún. Láti ọdún 1877 ni ogun Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀ láti kọ ìjọba Ìbàdàn sílẹ̀. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ọ̀nà kò dán mọ́rán nígbà náà fún ẹni tí ó ní aya àti ọmọ lẹ́yìn. Èkó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1861, òfin kò sì fàyè gba kí ẹnikẹ́ni mú ènìyàn lẹ́rú níbẹ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti oko ẹrú dé ni ó fi Èkó ṣe ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbàgbé ìlú baba wọn.

Wọ́n kọjá ní Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, wọ́n sì sùn sí Èkó. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ kó wọn lọ sí Pópó Àgùdà. Àgùdà ni àwọn ará Èkó ń pe àwọn tí ó ti Bràsíìlì dé. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ bíríkìlà, àwọn mìíràn jẹ́ káfíńtà, wọ́n sì mú ọgbọ́n ilé kíkọ́ tí wọ́n fi ìyà kọ́ ní òkè òkun bọ̀ wá sí ilé. Ọwọ́ wọn ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ti ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ lókè bí òṣùmàrè, tí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà sí lára. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, wà lára àwọn tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Láti Èkó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti tàn ká Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, títí tí àwọn àgbẹ̀ olókòwò kòkó fi ń fi í dá ara wọn lọ́lá.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin Òkè-Ìlá gbọ́ èyí, ó gbójú sókè. Ó rí òdòdó sìmẹ́ńtì lókè fèrèsé kan, ó sì jọ èyí tí ó ti ń rí láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ní òpópónà Kakawa ni wọ́n ti rí ilé náà. Casa d’Água ni àwọn Àgùdà ń pè é ní èdè Potogí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Ilé Omi. Ọdún 1885 ni João Esan da Rocha kọ́ ọ. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni, iṣẹ́ ọnà sì pọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, díẹ̀ ni ilé tí ó lè bá a dọ́gba ní gbogbo Èkó. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, àwọn ilé gogoro ti yí àdúgbò náà ká, ilé náà sì dà bí àgbàlagbà tí ó jókòó láàárín àwọn géńdé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ti ń retí ilé oníyàrá 39 wo ara wọn lójú. Ọ̀kan wí jẹ́jẹ́ pé: “Ṣé èyí náà ni?”

Olùkọ́ gbọ́ ọ, kò sì bínú. Ó rán wọn létí pé ilé ìdílé ni ilé náà, àlejò kò sì gbọdọ̀ já wọ ilé onílé láìgba àyè. Ó ní kí wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ wò ó, kí wọ́n sì fi etí sílẹ̀.

Ó ní kànga ni ó fún ilé náà lórúkọ. Ní ayé ìgbà náà, omi yí Èkó ká, síbẹ̀ òùngbẹ ń gbẹ ará Èkó. Òkun níyọ̀, ọ̀sà pàápàá sì níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi òjò kì í pẹ́ tán nínú ìkòkò. Àwọn kànga tí kò jìn kún fún ìdọ̀tí, nítorí pé ilé fún pọ̀ mọ́ ara wọn, sòbìà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn a sì máa bá àwọn tí ń mu wọ́n jà. Ìdílé da Rocha gbẹ́ kànga tí omi rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń ta omi fún àwọn ará àdúgbò. Ẹni tí ó ní omi mímọ́ nínú ilé ní ìlú bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ní ihò wúrà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe rí títí tí ìjọba fi ṣe ẹ̀rọ omi sí Ìjù lẹ́yìn ọdún 1910, tí omi ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn wọ ìgboro.

Lẹ́yìn ikú João, ọmọ rẹ̀ Candido ni ó di olórí ilé. Oníṣòwò ni, ó ní ilẹ̀ àti ilé púpọ̀, a sì máa yá àwọn oníṣòwò lówó. Ọrọ̀ rẹ̀ di òwe lẹ́nu àwọn ará Èkó. Bí ẹnì kan bá ń bèèrè owó ju bí ó ti yẹ lọ, èsì tí wọn a máa fún un ni pé, “Ṣé èmi ni Dárọ́ṣà ni?” Wọ́n tilẹ̀ máa ń pa á nítàn pé ìlú Òyìnbó ni ó ń kó aṣọ rẹ̀ lọ fún àwọn alágbàfọ̀. Àbúrò rẹ̀, Moyses, lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh, ó sì di dókítà. Candido kò gbàgbé orísun rẹ̀: ó jẹ oyè Lodifi ní Iléṣà, ìlú tí wọ́n ti jí baba rẹ̀ gbé. Ó kú ní ọdún 1959, nígbà tí ó ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1969, òǹkọ̀wé ọmọ Bràsíìlì kan, Antonio Olinto, tí ó ti gbé ní Èkó rí, fi orúkọ ilé yìí pe ìwé ìtàn àròsọ kan tí ó kọ nípa àwọn tí ó padà bọ̀ láti Bràsíìlì.

Nígbà tí olùkọ́ parí ìtàn yìí, ó ní kí àwọn ọmọ ṣí ìwé wọn, kí wọ́n kọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀: 1885, 1886, 1888. Ní 1885 wọ́n kọ́ Ilé Omi. Ní 1886 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà Kírìjì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1888 ilẹ̀ Bràsíìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin fòpin sí ẹrú níní.

Ó ní: “Ẹ rò ó wò. Nígbà tí ọkùnrin yìí ń to òkúta ilé rẹ̀, ẹrú ṣì wà ní ìlú tí wọ́n tà á sí, ogun sì ṣì wà ní ilé tí wọ́n ti jí i gbé. Ìgbà kan wà tí ẹlòmíràn ń ná òun fúnra rẹ̀ lọ́jà bí ẹni ná ewúrẹ́. Nísinsìnyí òun náà di ẹni tí ó ní ilé, tí ó ní kànga, tí ọ̀gbà rẹ̀ ní ilẹ̀kùn tí òun nìkan lè tì. Ilé yìí kéré sí ti Kánádà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, nínú àwọn méjèèjì, èwo ni ó ti ọ̀nà jíjìn wá jù?”

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin Òkè-Ìlá ni ó sọ̀rọ̀: “Ọ̀gá, ẹ sọ fún wa pé àwọn awakùsà kú kí ilé Kánádà tó parí. Ní ti ilé yìí ńkọ́? Ta ni ó gbẹ́ kànga náà?”

Ojú olùkọ́ mọ́lẹ̀. Ó ní ìbéèrè tí òun ti ń retí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Adó nìyẹn. Ìtàn a máa rántí ẹni tí ó ni kànga ju ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ lọ. A máa rántí ẹni tí ó ta omi, a sì máa gbàgbé obìnrin tí ó fi orí rù ú lọ sílé. Kì í ṣe pé kí ènìyàn máa bú ọlọ́rọ̀ nítorí èyí, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ Esan àti ìfaradà rẹ̀ yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ilé ńlá tí kò béèrè àwọn tí ó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ìdajì ilé náà ni ó rí.

Láti ibẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìta Tinúubú. Olùkọ́ fi ibì kan hàn wọ́n, ó ní ilé Àgùdà mìíràn ti dúró níbẹ̀ rí. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ, Ilé Ìlọ́jọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí nígbà tí ó yá. Ní ọdún 1956 ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìrántí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ohun tí ó dúró fún ọdún 161 kò ju ọjọ́ kan lọ lọ́wọ́ ẹ̀rọ awólé. Àwọn ọmọ wo ibẹ̀ títí. Kò sí ohun tí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀ òfìfo.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà dé Òkè-Ìlá, kò kọ́kọ́ lọ jẹun. Ó lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Yèyé, ẹ kú ilé o.”

Ìyá àgbà dáhùn pé: “Káàbọ̀, ọkọ mi. Èkó ńkọ́?”

“Dáadáa ni, Yèyé. Mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ta ni ó kọ́ ilé yìí?”

“Bàbá rẹ àgbà kúkú ni.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Yèyé. Mo ní ta ni ó po amọ̀ rẹ̀? Ta ni ó ru omi tí wọ́n fi pò ó?”

Màmá àgbàlagbà náà dákẹ́. Ó na ọwọ́ sí orí ara rẹ̀, ó fi kàn án ní àárín, níbi tí irun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Ó ní: “Èmi ni. Èmi àti ìyálé mi àti àwọn ìyàwó ilé mẹ́rin. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Láti ìdájí ni a ti ń lọ sí odò, a ó sì rù ú títí oòrùn yóò fi mú. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé, wọ́n lù ìlù, wọ́n kí bàbá rẹ àgbà. Ọkọ mi, kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè èyí rí.” Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sì mú ìwé rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àwọn ẹbí pàdé, wọ́n ń sọ ti iye owó tí ṣọ́ọ̀bù yóò máa mú wọlé lọ́dọọdún. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tọrọ àyè, ó sì ka orúkọ obìnrin mẹ́fà sí etí wọn, méjì nínú wọn sì jẹ́ ìyá àwọn tí ó jókòó níbẹ̀. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Òtítọ́ ni pé páànù ṣì ń jò, òtítọ́ sì ni pé ẹbí nílò owó; ìwé ọmọdé kò lè tún òrùlé ṣe. Nítorí náà wọn kò parí ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà. Olórí ẹbí ní kí wọ́n sún un síwájú, kí wọ́n pe bíríkìlà kan kí ó wá wo bóyá ṣọ́ọ̀bù lè wà ní ìsàlẹ̀, kí òkè àti òdòdó ara rẹ̀ sì dúró. Ó wá ní kí ọmọ náà da orúkọ wọ̀nyí kọ sí ìwé tí ó nípọn, nítorí pé òun pàápàá kò mọ̀ pé orí ìyá òun wà nínú ògiri náà.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá mọ ẹni tí ó kọ́ ọ, ìwó kì í pẹ́ dé bá a, nítorí pé ó ti wó nínú ọkàn wọn kí ẹ̀rọ tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ìbéèrè

1. Kí ni Robert Dunsmuir àti João Esan da Rocha fi jọ ara wọn? Kí ni wọ́n fi yàtọ̀?

2. Kí ló dé tí omi mímọ́ fi ṣọ̀wọ́n ní Èkó nígbà tí wọ́n kọ́ Ilé Omi?

3. Olùkọ́ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀. Ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ ìdí tí ó fi tò wọ́n pọ̀.

4. Kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn yìí: “orí ìyá òun wà nínú ògiri náà”?

5. Yan ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò rẹ. Bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó ni ín àti àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí o sì kọ àròkọ ojú ìwé méjì lé e lórí.